Wáyà Abẹ́ Kọ́tìnì

Ẹ má bá mi káàánú. Ẹni tí àánú bá ń ṣe, kó tọ́jú rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ojú mi sì là kedere nígbà tí mò ń ṣe é.

Evelyn lorúkọ mi. Ọ̀fà ni bàbá mi ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ní Ash Town. Bàbá wa ń tún rédíò ṣe títí tó fi kú. Ó máa ń kọ orúkọ oníbàárà sórí ìwé pélébé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rédíò kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí kò bá lórúkọ lára, olè ti gbé e.

Àwa méjì ló bí. Adéfọlá ni àkọ́bí, òun ni mò ń pè ní Àǹtí Fọlá. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, òróró tí Màmá fi ń dín àkàrà dà lé e lójú. Apá òsì ojú rẹ̀ jóná, ó sì súnkì láti etí dé àgbọ̀n. Látìgbà náà ni kò ti jáde mọ́. Kò lọ sọ́jà, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó irinṣẹ́ Bàbá sórí tábìlì nínú yàrá, ó ń tú rédíò, ó ń tò ó padà. Èmi ni mo ń lọ gba iṣẹ́ wá ní Adum, èmi náà ni mo ń dá a padà. Ohun tá a jọ fẹnu kò sí nìyẹn: ọwọ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, ọdún tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní gbogbo Ghana, mo gbé rédíò kan lọ fún Kwaku ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adum. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó rẹwà. Ó rẹwà. Ó máa ń fọwọ́ gbá tábìlì bó bá ń rẹ́rìn-ín, àyà mi á sì máa já bí ẹni pé èmi ló gbá.

Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé páálí kan síwájú mi. Gémù tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà nínú rẹ̀, àti gémù ọwọ́ kéékèèké méjì, àti wáyà kan tí eku ti jẹ já.

"Wọ̀fà mi ló fi ránṣẹ́ láti Hamburg," ó ní. Arákùnrin ìyá ẹni ni wọ́n ń pè ní wọ̀fà, lọ́dọ̀ àwọn ará Asante, ohun tí wọ̀fà bá sọ, abẹ gé e.

"Kí ni wáyà náà wà fún?" mo bi í.

"Òun ló ń so kékeré pọ̀ mọ́ ńlá. Ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n á máa rìn nínú ihò dúdú, kò ní rí kòtò kankan. Ẹni tó mú kékeré lọ́wọ́ ló ń rí gbogbo kòtò lójú tirẹ̀, òun lá máa tan fìtílà sẹ́bàá kòtò kí ẹnì kejì má bàa jìn sí i. Bí wọ́n bá la ihò náà já, ẹni tó mú fìtílà á kọ orúkọ rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n." Ó mí kanlẹ̀. "Chale, gbogbo Adum ni mo ti gbé e yí ká. Kò sẹ́ni tó rí i ṣe."

"Gbé e wá," mo ní.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Àǹtí Fọlá fi dojú kọ wáyà yẹn. Ó fi bátìrì àti gílóòbù kékeré dán okùn inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gé wáyà tẹlifóònù àtijọ́, ó fi irin gbígbóná jó lẹ́ẹ̀dì sí i. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú gémù kékeré là, kòtò sì tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Àǹtí mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

"Sọ fún un pé kó má fà á o," ó ní. "Sọ fún un pé mo ti fi mítà mẹ́fà kún un, kí ẹni méjì lè jókòó jìnnà síra wọn."

Nígbà tí Kwaku rí i pé ó ṣiṣẹ́, ó kígbe, "Agyei!" Ó gbá tábìlì. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Evelyn, ta ló ṣe é?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí n sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ojú tí Kwaku fi ń wò mí, ẹnikẹ́ni ò fi wò mí bẹ́ẹ̀ rí.

"Èmi ni," mo ní.

"Ìwọ? Wá, wá bá mi gbá a nísinsìnyí!"

Yéè! Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tan nǹkan náà pàápàá. Ni mo bá hùmọ̀ àṣà fún un.

"Nílé Yorùbá," mo ní, "ọmọbìnrin tí wọn ò tíì wá tọrọ kì í bá ọkùnrin jókòó sójú kan. Ilé wa ni wàá wá. Wàá wà ní pálọ̀, èmi á wà nínú yàrá. Ṣebí wáyà náà gùn."

Irọ́ gbuu! Yorùbá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n Kwaku mi orí, ọ̀rọ̀ náà wú u lórí gan-an. "Ẹ̀yin Aláta," ó ní, bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá ní Ghana, "ẹ mọ ọmọ tọ́."

Mo délé, mo sọ fún Àǹtí Fọlá pé oníbàárà kan fẹ́ máa wá dán wáyà wò. Mo ní kó máa bá a gbá a láti inú yàrá, èmi á máa bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, kó má baà gbọ́ ohùn rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Thursday, Màmá á wà lọ́jà Kejetia nídìí àwo tó ń tà, Kwaku á jókòó ní pálọ̀, wáyà á gba abẹ́ kọ́tìnì wọ yàrá. Àǹtí mi á gbá gémù. Èmi á jókòó tì í, màá máa rẹ́rìn-ín sókè, màá máa pariwo pé, "Kwaku, rọra! O fẹ́ jìn!" Ọwọ́ tirẹ̀, ẹnu tèmi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n la ihò náà já, tẹlifíṣọ̀n béèrè orúkọ.

"Ẹ kọ EVELYN," mo sọ sí i létí.

"Èé ṣe?"

"Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ ọ́.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, Àǹtí Fọlá ti ń yí padà. Ó ń fi òróró pa irun. Ó rán gèlè kékeré kan láti inú aṣọ Bàbá. Lọ́sàn-án Thursday kan, bí Kwaku ṣe lọ tán, ó ní, "Evelyn, mo fẹ́ tẹ̀lé ẹ lọ sí Adum lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Adum?"

"Mo fẹ́ rí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń gbọ́ràn. Bí mo bá tan fìtílà, kì í jiyàn, ó ń gba ibẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́tàlá! Ọdún mẹ́tàlá tá a ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọjú sẹ́nu ọ̀nà lásán. Ó yẹ kí n fò sókè. Ó yẹ kí n sáré lọ pe Màmá lọ́jà. Inú ló bí mi. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ìbínú. Mo ní lọ́kàn mi pé, obìnrin yìí fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí," mo ní, "mi ò fẹ́ kó détí yín tẹ́lẹ̀ ni. Ó ti rí yín."

"Níbo?"

"Lójú fèrèsé, lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ẹ ń sá aṣọ. Ó bi mí pé irú kí nìyẹn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó tutọ́ sílẹ̀, Àǹtí. Ó ní ká lóun mọ̀ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé yìí, òun ì bá má mu omi wa."

Kò sunkún. Ó tú gèlè náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sísàlẹ̀ àpótí.

"O ṣeun tó o sọ fún mi," ó ní.

Mo rò pé kò ní gbá gémù náà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Thursday dé, ó ti jókòó sídìí wáyà kí Kwaku tó kanlẹ̀kùn. Mo bi í pé ṣé kò bínú ni.

"Nínú ihò yẹn," ó ní, "kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò gún mi lọ́kàn. Ìsinmi ló jẹ́ fún mi. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn, bóyá òun náà ni mo ṣì jẹ́.

Ní oṣù kọkànlá, Kwaku ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Wọ̀fà rẹ̀, Wọ̀fà Kojo, ń bọ̀ láti Hamburg fún Kérésì, wọ́n á sì wá kanlẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ìdílé ọkọ á gbé ọtí wá, wọ́n á bi ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo ènìyàn pé ṣé kí wọ́n gbà á. Bó bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó parí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, títí kan irọ́ tí mo pa fún Kwaku. Màmá gbé àwo tó ń tò sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Màmá, ta ló máa fẹ́ Àǹtí?"

Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Èyí tó bá máa relé ọkọ nínú yín, kó lọ," ó ní. "Ọlọ́run á dárí jì wá."

Ṣùgbọ́n Wọ̀fà Kojo ti sọ pé kí òun tó jẹ́ kí ọtí òun wọlé ẹnikẹ́ni, òun fẹ́ fojú ara òun rí ọmọ Aláta tó ṣẹ́gun eku. Àti pé kó jókòó síwájú òun kó gbá a, kì í ṣe lẹ́yìn kọ́tìnì. Nígbà tí Kwaku sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ilé ni mo sáré gbà.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí Fọlá. "Àǹtí, ẹ gbà mí. Èmi ni Kwaku rò pé ó ń gbá a. Èmi ló rò pé mo ṣe wáyà."

"Mo mọ̀," ó ní, kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí rédíò tó ń tú. "Láti ọjọ́ tó o ti ní kí n kọ orúkọ rẹ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Gémù kékeré méjì ló wà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan lọ́wọ́ ní pálọ̀, kó jẹ́ pé tọwọ́ yín ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò lè..." Mo gbé ìyókù mì.

"Mo mọ̀ pé kò lè," ó ní. "O ti sọ fún mi."

Ó sì ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Wáyà tòótọ́ gba abẹ́ ẹní lọ sínú yàrá. Wáyà ọwọ́ mi náà gba abẹ́ ẹní, ó sì parí síbẹ̀.

Àárọ̀ Saturday ni wọ́n dé. Iná wà. Wọ̀fà Kojo gbé ìgò ọtí mẹ́fà sórí tábìlì. Bàbá Cornelius, àgbà ìjọ wa, ló gbẹnu sọ fún wa.

"Evelyn," Bàbá Cornelius ní, "ṣé ká gba ọtí yìí?"

"Ẹ gbà á, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí wọ́n gbà á. Wọ̀fà Kojo wá gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Gémù mi dà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kwaku tan tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sórí àga, mo mú òkú gémù lọ́wọ́. Kó tó bẹ̀rẹ̀, Kwaku, nítorí ó jẹ́ ọmọlúàbí, yíjú sí Màmá.

"Màmá," ó ní lédè Twi, "ẹ̀gbọ́n Evelyn ńkọ́? Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń wọ ilé yìí, mi ò tíì fojú kàn án rí, kódà láti ọ̀ọ́kán. Evelyn ní ó máa ń tijú. Ẹ jẹ́ kí n kí i lónìí."

Nínú yàrá, irin kékeré kan já bọ́ sílẹ̀. Èmi nìkan ló mọ ìtumọ̀ ìró yẹn. Twi yọ̀ mọ́ Àǹtí mi lẹ́nu jù mí lọ, kọ́tìnì náà kò sì tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí wa.

"Ara rẹ̀ ò yá," Màmá yára dáhùn.

Gémù bẹ̀rẹ̀. Olúwa ló mọ̀ pé mi ò tíì rí i kó gbá a bẹ́ẹ̀ rí. Fìtílà ń tàn wàì wàì, Kwaku ń sáré nínú ihò dúdú bí ẹni ń sáré lójú títì. Kòtò kan ò gbé e mì. Èmi náà ń tẹ bọ́tìnì tí kò mọ nǹkan kan, mò ń gé ètè jẹ bí òṣìṣẹ́ gidi. Àwọn ènìyàn dìde dúró. Ìyàwó Bàbá Cornelius ń pè mí ní ọmọ oríire.

Wọ́n la ihò já. Tẹlifíṣọ̀n béèrè orúkọ.

A ló kọ́kọ́ jáde.

Mo rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì í. D tẹ̀lé e. E.

"Evelyn, kí lò ń kọ?" Kwaku ń rẹ́rìn-ín.

F. Mo dáwọ́ dúró. Mo gbé gémù náà lé itan, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sókè bí ẹni tí iná jó. O jáde. Ẹ̀rín Kwaku dá. Wọ̀fà Kojo na ọwọ́ gígùn, ó mú gémù náà lórí itan mi, ó yí i padà. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí bátìrì níbẹ̀.

L. A.

"Adéfọlá," Bàbá Cornelius kà á sókè, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ níjọ.

Wọ̀fà ká ẹní sókè. Ó rí ibi tí wáyà kan parí sí, ó rí ibi tí èkejì ń lọ. Ó tẹ̀ lé e, ó sì fa kọ́tìnì.

Àǹtí Fọlá wà lórí àpótí ìjókòó Bàbá. Gémù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gèlè kékeré yẹn wà lórí rẹ̀, èyí tó ti kó pa mọ́ láti oṣù kẹjọ. Mi ò mọ ìgbà tó ṣí àpótí. Ó dìde, ó bọ́ sí pálọ̀, ó dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bá gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Èmi ni mo ṣe wáyà yín."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Kwaku kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ó wò ó, ojú rẹ̀ sì kọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sí ògiri. Kò tutọ́. Ìyẹn nìkan ló kù.

Àǹtí Fọlá rí i. Ó rí i dáadáa. Ó yíjú sí mi.

"Evelyn," ó ní, "irọ́ kọ́ lo pa. O kàn tètè sọ ọ́ ni."

Wọ̀fà Kojo padà sórí àga rẹ̀, ó sì ní kí Bàbá Cornelius parí iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò tíì bi mí lẹ́ẹ̀kẹta.

"Wọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́," Màmá bẹ̀bẹ̀.

"Ẹ bi í."

Bàbá Cornelius wolẹ̀. "Evelyn, ṣé ká gba ọtí yìí?"

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo dáhùn? Mo ní, "Ẹ gbà á, sà." Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Wọ̀fà sì ń kó ìgò rẹ̀ padà sínú báàgì, ọ̀kan, ọ̀kan.

Kwaku kò tíì kúrò lójú ògiri. "Ta ló ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá lọ́jọ́ Thursday?" ó béèrè.

"Èmi ni, Kwaku. Èmi ni!"

"Ẹ̀rín yẹn nìkan ni tìrẹ," ó ní. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ̀fà Kojo dúró síwájú Àǹtí mi. Òun nìkan ló ń wo ojú rẹ̀ láì ṣẹ́jú. "Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣófo ní Tafo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà," ó ní. "Bó o bá lè wọ trotro débẹ̀ ní Monday, ìwọ ló ni í."

Àǹtí Fọlá wọ̀ ọ́. Ìyàwó Bàbá Cornelius wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní ọmọdé kan rí ojú rẹ̀, ó fi igbe ta, Àǹtí Fọlá sì ní kí ìyá ọmọ náà má bínú, ó ní òun náà ti sunkún rẹ̀ rí. Kò padà wálé mọ́ látọjọ́ yẹn. Ó ránṣẹ́ wá kó irinṣẹ́ Bàbá.

Màmá kì í bá mi sọ ọ́. Ó kàn ń se oúnjẹ ẹni mẹ́ta lójoojúmọ́, á sì gbé àwo kẹta síbi tí yàrá Àǹtí wà tẹ́lẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, rédíò Màmá kú. Mo gbé e lọ sí Tafo. Mo ti pinnu pé bó bá fẹ́ gbá mi létí, kó gbá mi. Bó bá fẹ́ lé mi, màá dọ̀bálẹ̀ sójú títì bí ọkùnrin. Èrò tò lọ́ọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò bo ojú. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú náà, rédíò tiwọn ni gbogbo wọn ń wò.

Ó kàn mí. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì gba rédíò náà lọ́wọ́ mi. Rédíò tí Bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ó mì ín lẹ́bàá etí. Ó já ìwé pélébé kan, ó mú pẹ́ńsù.

"Orúkọ wo ni ká kọ?" ó ní.

"Evelyn," mo ní.

Ó fi pẹ́ńsù lélẹ̀ lórí ìwé, ó ń retí. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n pe lẹ́tà rẹ̀ fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.